Ẹsẹ̀ Páálí Lójú Fèrèsé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Ìṣó ni. Ìṣó bàtà, irú èyí tí wọ́n fi ń kan ìtẹ́lẹ̀ mọ́ awọ. Ó wọ àtẹ́lẹsẹ̀ Bàbá tán, orí rẹ̀ nìkan ló kù síta, ó ń dán bí ojú ẹja. Wọ́n ti fi rìn láti òwúrọ̀. Wọ́n fi lọ ra awọ, wọ́n fi bọ̀, wọ́n fi gun àkàsọ̀ lọ mú páálí lókè, wọ́n fi dúró bá oníbàárà jiyàn lórí gìgísẹ̀ bàtà.

Èmi ni mo rí i. Mo yà kí wọn lẹ́yìn iṣẹ́, mo bá ipasẹ̀ pupa láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù dé ìdí àga wọn. Ẹsẹ̀ òsì nìkan, bí ẹni pé ẹlẹ́sẹ̀ kan ló wọlé.

"Màámi, kí ni wọ́n dà sílẹ̀?"

"Aró awọ ni. Bàbá yín kì í wo ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Mo ti nù ún, mo tún nù ún."

Ẹ̀jẹ̀ ọkọ wọn ni wọ́n ti ń fi ọṣẹ nù láti ọ̀sán, tí wọ́n ń bú aró.

Mo ní kí Bàbá bọ́ bàtà. Wọ́n ní kí ló dé. Mo ní kí wọ́n ṣáà bọ́ ọ. Mo nawọ́ sí orí ìṣó náà. Màámi ló ké. Bàbá Kékeré, àbúrò Bàbá tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ju bàtà tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. Bàbá fúnra wọn gbé ẹsẹ̀ lé orúnkún, wọ́n wo abẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù ẹlẹ́rù fún.

"Kò dùn mí," ni wọ́n wí. Wọ́n fi ìka tẹ orí ìṣó náà. "Kò dùn mí rárá."

Wọ́n na ọwọ́ mú ẹ̀mú, wọ́n sì fà á yọ kí n tó rí ọwọ́ wọn dì mú. Ojú wọn kò tilẹ̀ rún.

Ìṣó náà wà níwájú mi nínú ìdérí ìgò bí mo ṣe ń kọ èyí. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ilé ìwòsàn. A jókòó títí ìdí mi fi kú. Bó bá jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń darí èrò níbẹ̀ ni mo ṣe ń darí ọkọ̀ ẹrù níbi iṣẹ́ mi, wọn ì bá ti lé mi tipẹ́.

Àtọ̀gbẹ Bàbá kì í ṣe nǹkan tuntun. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, bí a ṣe ń mọ aládùúgbò tí a kì í kí. Wọ́n ń lo oògùn wọn, wọn kì í mu ṣúgà, a sì rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Dókítà ní kò parí. Ó ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti jẹ iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ẹsẹ̀ ń bẹ, àmọ́ kò lè ránṣẹ́ sílé mọ́. Bàbá kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ òsì tẹlẹ̀ títí ojú egbò yóò fi pa dé. Bí kò bá pa dé, tó bá lọ kan eegun, wọn yóò gé e.

Mo bi í pé kí gan-an ni wọn yóò gé. Ó fi hàn mí lára ẹsẹ̀ tirẹ̀: ọmọ ìka, tàbí ìdajì ẹsẹ̀, tàbí òkè ọrùn ẹsẹ̀. Ó ń fọwọ́ lé e níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wọn ṣòkòtò.

Mo wo Bàbá. Bàtà dókítà ni wọ́n ń wò.

Nọ́ọ̀sì kan tẹ̀ lé wa jáde. Ọmọge tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ kò jọ ara rẹ̀. "Àǹtí, ẹ má bínú sí mi o. Oògùn kọ́ ni ìṣòro yín, ilé yín ni. Ẹsẹ̀ Bàbá kò lè pariwo mọ́. Ẹ̀yin lẹ ó máa wò ó láràárọ̀, lókè àti lábẹ́, láàárín ọmọ ìka. Ṣé ẹ máa ń wò ó?"

Mo ní a ó máa wò ó.

"Gbogbo ènìyàn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ yà á fún wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í wọ etí ẹni tí nǹkan ò dùn." Ó fún mi ní fọ́nrán ike kan, ó le díẹ̀ ju irun lọ. Ó ní kí n máa fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, kí wọ́n di ojú. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n lára, kí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí n sàmì sí ibi tí wọn kò bá ti mọ̀ ọ́n.

Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Nǹkan tí a lè ṣe nìyẹn, tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo kó ẹrù díẹ̀ wá sí yàrá mi àtijọ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ mi ní kí n máa lọ, pé ebi ò ní pa òun àti àwọn ọmọ. A ó rí i.

Mo bá Bàbá lórí ìdúró.

"Bàbá, ẹ jókòó."

"Mo jókòó lánàá."

"Ojoojúmọ́ lẹ ó máa jókòó."

"Ṣé ẹyin ni mò ń sàba lé ni?"

Bàbá Kékeré bú sẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbé ìṣó ẹnu wọn mì, tàbí kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì. Màámi náà rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rán awọ. Wọ́n ní, "Ọ̀gá Kíákíá, fi bàbá ẹ sílẹ̀. Ṣé o ò rí i pé ara wọn le ni?"

Bàbá wá là á fún mi bí ẹni ń là á fún ọmọdé: "Ohun tó bá ń dunni là ń pè ní àìsàn. Èyí ò dùn mí."

Bí táyà ọkọ̀ ẹrù bá jò níbi iṣẹ́ mi, ẹnikẹ́ni kì í bi táyà bóyá ó ń dùn ún. Mo sọ èyí fún wọn. Wọ́n ní táyà kì í san owó ilé ìwé ọmọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo ti ṣe é. Ìdajì òwúrọ̀ ló gbà.

Bí wọ́n ṣe ń wọn ẹsẹ̀ oníbàárà náà ni mo lò. Ènìyàn á dúró lórí páálí, Bàbá Kékeré á fi pẹ́ńsù yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Mo ní gbogbo ilé la ó ṣe é, kí Bàbá má bàa sọ pé àwọn nìkan ni mo sọ di aláìsàn. Lẹ́yìn èyí, kálukú á jókòó, á di ojú, èmi á fi fọ́nrán kàn án. Ibi tí ẹsẹ̀ kò bá ti mọ nǹkan, màá fi ṣọ́ọ̀kì pupa kùn ún. Pupa ni ewu. Níbi iṣẹ́ mi, ẹni tó dé lánàá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Kékeré mọ gbogbo ẹ̀. Kódà wọ́n ní mò ń rin wọ́n ní gìgìrì.

Màámi kò jẹ́ kí n gbádùn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń yọjú lábẹ́ ìpéǹpéjú. "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ ọ́n. Máa lọ, ọbẹ̀ mi wà lórí iná." Mo kọ "Ó dára" sí páálí wọn, mo sì kọjá.

Ó wá kan Bàbá. Mo fi fọ́nrán kan àtàǹpàkò. Wọ́n dákẹ́. Mo kan ìka kejì, wọ́n dákẹ́. Mo kan ibi tó le lábẹ́ ìka, mo kan àárín, mo kan etí. Mo tẹ̀ ẹ́ títí fọ́nrán fi tẹ̀ kọdọrọ. Mo ṣe ẹsẹ̀ òsì, mo bọ́ sí ọ̀tún. Gìgísẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ní "ẹn-ẹ́n", àti ìlà tóóró kan lápá òde.

Wọ́n la ojú. "Ṣé o ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

Mo ti parí.

Mo kùn ún. Pupa, pupa, pupa. Mo kan gbogbo wọn mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, mo ní: "Ẹ wò ó dáadáa. Ibi tó pupa ni ìṣòro wà." Gbogbo wọn mi orí. Bàbá dúró níwájú tiwọn pẹ́. Màámi fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ọ̀rọ̀ kúkúrú, àbájáde gidi. Ọ̀gá mi ì bá rí mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Òjò. Mo bá Màámi níwájú páálí Bàbá, wọ́n ń sunkún jẹ́jẹ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ inú mi dùn. Ó ti wọlé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Iṣẹ́ gbé mi jáde ní ìlú, àwọn ọkọ̀ há sínú ẹrẹ̀. Owó báńdéèjì ti ga sí i. Mo bi ẹni tó ń tà á ní ìdí rẹ̀, ó ní kí n dúpẹ́ pé mo bá a. Mo pe ilé lórí fóònù. Màámi ní Bàbá ń sinmi, pé kí n má ṣèyọnu, àwọn ti rí ọ̀nà àbáyọ. Mo ní ọ̀nà àbáyọ wo? Wọ́n ní tí mo bá dé màá rí i, inú mi á dùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀la màá rò pé mo lá a ni.

Mo dé. Àga Bàbá ṣófo. Páálí Bàbá kò sí lára ògiri, ó wà lórí tábìlì iṣẹ́, gọ́ọ̀mù ti ta sí i. Bàbá Kékeré fò dìde, ojú wọn ń tàn.

"Ọ̀gá Kíákíá! A ti yanjú ẹ̀."

"Bàbá dà?"

"Wọ́n jáde. Wọ́n lọ kí ọ̀rẹ́ wọn lẹ́yìn afárá."

Lẹ́yìn afárá. Mo ní kí wọ́n tún un sọ, wọ́n tún un sọ. Mo ní ta ló gbé wọn lọ. Wọ́n ní ẹsẹ̀ wọn ni.

"Mo ṣe bàtà tuntun fún ẹ̀gbọ́n mi. Bí o ṣe yà á náà ni mo ṣe ṣe é. Gbogbo ibi tó pupa, mo fẹ̀ ẹ́ lójú, mo fi tìmùtìmù sí i. Awọ tó dẹ̀ jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù yìí. Láti ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ti ń rìn, wọ́n ní ó dà bí ẹni ń rìn lórí òwú."

Kí n tó la ẹnu, a gbọ́ súfèé. Bàbá ni, wọ́n ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, wọ́n ń kí ọ̀tún, wọ́n ń kí òsì, wọ́n ń fi bàtà hàn onípẹpẹ sìgá bí ọmọ tí wọ́n ra nǹkan tuntun fún. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo jókòó sílẹ̀ ní títì, mo bọ́ bàtà náà kúrò lẹ́sẹ̀ wọn lójú gbogbo ènìyàn.

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Báńdéèjì ti yí kúrò níbi tó wà. Ihò ìṣó tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ tẹ́lẹ̀, ó ti gba orí àtàǹpàkò mi.

"Kò dùn mí o," ni Bàbá wí lókè orí mi.

A wọlé. Mo mú páálí, mo nà án sí Bàbá Kékeré. Ohùn mi lọ sókè, mi ò lè dá a padà.

"Kí ni pupa? Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, kí ni pupa?"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. "Ibi tí bàtà ti ń ta oníbàárà. Oníbàárà á ní níhìn-ín ló ń dùn mí, a ó fi ṣọ́ọ̀kì pupa sí i, a ó fẹ̀ ẹ́. Kí ló tún lè jẹ́?"

Nígbà tí mo wà ní kékeré, pẹ́ńsù dúdú ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ẹ̀. Mi ò bi wọ́n. Mo ní pupa ni ewu, mo sì gba ọ̀dọ̀ àwọn ọkọ̀ mi lọ.

Màámi fi ìdí lélẹ̀ lórí àpótí. "Mo rò pé gbogbo ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún wa. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Mo ní ọkùnrin yìí mà ní ìfaradà o."

"Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́?" mo ní. "Ẹ̀yin lẹ ni ẹsẹ̀. Ẹ mọ̀ pé kò dùn yín. Kí lẹ rò pé pupa yẹn ń sọ?"

Bàbá ronú sí i. Wọ́n ronú sí i tọkàntọkàn, ìyẹn ló pa mí.

"Mo rò pé ibi tó máa dùn mí ni tó bá yá. Mo dúró dè é. Kò dé. Ni mo bá jáde."

Wọ́n gbà mí gbọ́. Gbogbo wọn pátá. Àwòrán mi sọ òdìkejì ọ̀rọ̀, wọ́n sì ṣe gbogbo ohun tó ní kí wọ́n ṣe.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Dókítà fọ egbò. Ó ní eegun kò jìnnà mọ́. Ó dá ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Ọjọ́ yẹn ni yóò sọ bóyá ó ń gé, àti ibi tí ó ti ń gé. Bàbá bi í pé bí wọ́n bá gé ìdajì ẹsẹ̀, báwo lènìyàn ṣe ń ṣe bàtà fún un. Ó ní òun kò mọ̀.

Nínú ọkọ̀, Bàbá ní, "Èmi ni mo ń bi í. Ó yẹ kó mọ̀."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Wọ́n jókòó lánàá, nítorí mo gbé gbogbo bàtà wọn sá pamọ́. Lónìí mo bá wọn lẹ́sẹ̀ lásán nídìí àpótí ìṣó. Lẹ́sẹ̀ lásán! Nídìí ìṣó! Mo pariwo. Wọ́n ní àwọn kò wọ bàtà, kí ni mo tún fẹ́.

Wọn kò ṣe agídí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé mi. Ẹ̀rù ni kò tíì rí ibi tí yóò ti bà wọ́n.

Mo fi dúdú kun páálí mìíràn. Bàbá ní aró tó dáa ni. Mo fi í sílẹ̀ ní funfun. Màámi ní, "A dúpẹ́ o, ó ti san." Báwo lènìyàn ṣe ń ya ohun tí kò sí? Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ òwò tí mo lọ, bí a ṣe ń ya ohun tó ń pọ̀ sí i ni wọ́n kọ́ wa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Oòrùn yọ lónìí, àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì wá pààrọ̀ báńdéèjì. Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, mò ń wo fèrèsé, níbi tí wọ́n máa ń sá àgékù awọ sí, èyí tí wọ́n ti gé ìtẹ́lẹ̀ bàtà kúrò lára rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú ihò wọ̀nyẹn wọlé. Ihò bí ẹsẹ̀, ihò bí ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì tò sílẹ̀ lórí pákó ilẹ̀.

Mo ní, "Bàbá Kékeré, ẹ mú ọ̀bẹ."

A tún fa ẹsẹ̀ Bàbá sórí páálí tuntun, wọ́n jókòó, mo gbé páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Nọ́ọ̀sì fi aṣọ di ojú wọn, ó fi fọ́nrán tirẹ̀ kàn wọ́n. Ibi tí wọn kò bá ti dáhùn, ó fi pẹ́ńsù yí i ká, Bàbá Kékeré sì gé e jù nù. Kò sí pupa, kò sí dúdú. Wọ́n gé, wọ́n gé. Àwọn ọmọ ìka lọ. Ibi tó le lọ. Àárín lọ. Mo ń gbọ́ ọ̀bẹ tó ń ya páálí.

Mo tú ojú Bàbá. Mo fún wọn ní páálí náà, mo ní kí wọ́n gbé e sójú fèrèsé.

Gìgísẹ̀ ló kù. Gìgísẹ̀ àti ìlà tóóró kan tó ń mì. Oòrùn gba inú ìyókù kọjá, ó sì bọ́ sí wọn lójú.

Wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Wọ́n ki ọwọ́ bọ ibi tí àtàǹpàkò yẹ kó wà, ọwọ́ náà jáde lódìkejì.

"Orí kí ni mo wá ń dúró lé láti ọjọ́ yìí?"

Bàbá mi, tí mi ò rí ìbẹ̀rù lójú wọn rí, ojú wọn ṣí sílẹ̀ kedere bí ti ẹni tí àkàsọ̀ yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ gbé àga mi wá." Wọ́n jókòó. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ òsì lé àpótí fúnra wọn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

Ǹ bá dá a dúró síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló ní, "Ó ku Màámi."

"Tèmi ti kọjá," ni Màámi wí. "Ẹ wo ara ògiri. 'Ó dára' ló wà níbẹ̀. Ọmọ mi ló kọ ọ́."

"Ẹ jẹ́ á fi dá Bàbá lára yá, ẹ jọ̀ọ́."

Màámi ń kùn, wọ́n gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò níṣẹ́. Ọkọ mi kékeré, má gé ẹsẹ̀ mi dànù o, mo fẹ́ fi jó nígbà ìgbéyàwó ọmọ ọmọ mi." Bàbá Kékeré ní, "Ìyàwó wa, ta ló pè yín síbẹ̀?" Nọ́ọ̀sì fi aṣọ di ojú wọn. Ó kúnlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò.

Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń lọ. Mo rí i tó tẹ fọ́nrán kọdọrọ, tó gbé e, tó tẹ̀ ẹ́. Ó wo ojú mi. Ó tún padà sí àtàǹpàkò.

"Màámi, ṣé ẹ ti sùn ni?"

"Ìwọ ni mò ń dúró dè, ọmọ mi. Bẹ̀rẹ̀."

Mo gbọ́ ìdajì páálí kan tó bọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì.

Nọ́ọ̀sì yí gbogbo ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì ká. Gbogbo wọn. Bàbá Kékeré mú ọ̀bẹ, wọ́n gbé e sílẹ̀. "Mi ò lè gé e." Bàbá ló na ọwọ́ láti orí àga. Wọ́n gba ọ̀bẹ, wọ́n gba páálí, wọ́n sì gé ọmọ ìka ìyàwó wọn kúrò níkọ̀ọ̀kan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń gé awọ tó wọ́n.

Nígbà tí wọ́n tú ojú Màámi, tí wọ́n rí i, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni, "Ẹsẹ̀ ta nìyí?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Màámi wò. Àtọ̀gbẹ ni, kì í sì í ṣe ti àná. Òùngbẹ tí wọ́n ní ooru ló fà á, ìtọ̀ tí wọ́n ń dìde tọ̀ lóru tí wọ́n ní ọjọ́ orí ni, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. "Mo rò pé ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó bá ń tẹ ẹ̀rọ ló máa ń kú bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí.

Mo já páálí tí mo kọ "Ó dára" sí kúrò lára ògiri. Ìkọ̀wé ọwọ́ mi ni. Mi ò lè sọ pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Bàbá kò dìde láti òwúrọ̀. Wọ́n jókòó rán awọ, wọ́n jókòó jẹun, wọ́n jókòó bá oníbàárà jà. Oníbàárà náà ní òun kò mọ̀ pé wọ́n lè jà lórí ìjókòó.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Ìka méjì. Dókítà ní bó ṣe rí lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ìdajì ẹsẹ̀ ni ì bá gé, àmọ́ ìjókòó yẹn ti ràn án lọ́wọ́. Ìka méjì tó kẹ́yìn, kí ìyókù lè yè. Mo ní ìgbà wo. Ó ní ọ̀la. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ilé ìwòsàn yìí yára jù mí lọ.

Bàbá ní kí Bàbá Kékeré má gbàgbé láti dín owó awọ kù.

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo dúró níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Wọ́n ti gé e. Wọ́n jí, wọ́n ní òùngbẹ ń gbẹ àwọn. Màámi kọ́kọ́ wo abẹ́ ẹsẹ̀ kejì kí wọ́n tó bu omi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Egbò ń gbẹ. Ọ̀la ni màá padà sílé. Ọkọ mi ní ebi ti pa wọ́n.

Páálí méjèèjì wà lójú fèrèsé, tọkọtaya. Láràárọ̀, Bàbá máa ń gbé ẹsẹ̀ lé itan Màámi, Màámi máa ń gbé ẹsẹ̀ lé itan Bàbá, ariwo wọn kò sì jẹ́ kí àdúgbò sùn. "Gbé ẹsẹ̀ wá." "Mo ṣì ń wo tiyín, ẹ ò lè ní sùúrù?" "Èékánná rẹ ti gùn." "Ẹ̀yin lẹ bí mi ni?" Bí Bàbá ṣe máa ń na awọ sójú ìmọ́lẹ̀ láti wá àbùkù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń na ẹsẹ̀ Màámi.

Mò ń di ẹrù láàárọ̀ yìí nígbà tí mo gbọ́ igbe. Igbe ńlá, irú èyí tí mi ò gbọ́ lẹ́nu Bàbá rí, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n fi ẹ̀mú fa ìṣó yọ lára ara wọn. Mo sáré jáde. Bàbá Kékeré sáré wọlé. Màámi ti dìde jókòó, wọ́n di èjìká Bàbá mú.

"Kí ló dé? Kí ló gún yín? Níbo ló ti ń dùn yín?"

Bàbá di ọrùn ẹsẹ̀ Màámi mú gírígírí.

"Kò gún mi," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Ìwọ ló gún."

Màámi tẹ ara síwájú, wọ́n wò ó. Wọ́n wò ó pẹ́. Ìṣó bàtà, láàárín àtàǹpàkò àti ìka kejì.

Ìṣó méjì ló wà nínú ìdérí ìgò báyìí. Ti àkọ́kọ́ wọlé tán kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ẹnu èyí nìkan ló wọlé.